Ẹ Mọ Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Imú Kí Ẹ Tó Yọ Ọ́

Aago mẹ́rin ìdájí kù díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló pè. Ó ní òun wà níwájú ilé òun lẹ́bàá Old Kent Road ní London, pé ọkọ̀ òun kò dá òun lóhùn. Ó ti múra ìrìnàjò, àpótí ẹrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bàálù tó ń lọ sí Èkó kò sì ní dúró dè é ní Heathrow. Tesla Model S ọdún 2014 ni ọkọ̀ náà. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í yọ síta bíi tàwọn ọkọ̀ tó kù. Inú ara ilẹ̀kùn ló ń sùn sí, mọ́tò kékeré kan ló sì ń tì í jáde bí olówó rẹ̀ bá dé tòun ti kọ́kọ́rọ́. Lóru ọjọ́ yẹn, kò jáde.

Bátìrì ló kú. Kì í ṣe bátìrì ńlá abẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé e rìn o, ìyẹn ṣì ju ìdajì lọ. Bátìrì kékeré volt 12 ni mò ń wí, irú èyí tó wà nínú Corolla bàbá yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń lo iná mọ̀nàmọ́ná ṣì ní irú rẹ̀ nínú. Òun ló ń ṣí ilẹ̀kùn, òun ló ń tan kọ̀ǹpútà, òun náà ló ń jí bátìrì ńlá lójú oorun. Bó bá ti kú, ńṣe ló dà bí ààfin tí ọba wà nínú rẹ̀ digbí tí kò sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn.

Ọmọkùnrin tí wọ́n rán wá láti bá wa jí ọkọ̀ náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú nǹkan pẹlẹbẹ kékeré kan lọ́wọ́, ó lọ tààrà síwájú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n wa, ó wo èmi, ó ní, “Imú rẹ̀ dà?”

Model S àtijọ́ ní imú dúdú kan níwájú tó ń dán bí ojú fóònù. Bí ẹ bá wú etí rẹ̀ lókè, á ṣí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà gbé orí wáyà méjì sí, kí ẹni tí bátìrì kékeré bá kú mọ́ lọ́wọ́ lè ríbi fún un níná láti ìta. Ẹ̀gbọ́n wa ti yọ imú yẹn láti oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ó ti gbé ojú ọdún 2016 lé ọkọ̀ rẹ̀. Àwọn tó bá a ṣe é, nínú ṣọ́ọ̀bù kan lábẹ́ afárá rélùwéè, rí orí wáyà méjì yẹn. Wọn ò mọbi tí wọ́n máa gbé e sí, ni wọ́n bá fi tépù dúdú wé e, wọ́n tì í sẹ́yìn bọ́m̀pà tuntun, wọ́n sì dé e mọ́bẹ̀. A gbé ọkọ̀ sókè, a yọ ike abẹ́ fẹ́ńdà, ọmọkùnrin náà ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé èjìká bí agbẹ̀bí. Nígbà tí ọwọ́ ilẹ̀kùn máa fi yọ jáde, ilẹ̀ ti mọ́, bàálù ti lọ.

Iṣẹ́ rewáyà ni mo kọ́ ní Mushin kí n tó wá sílùú yìí, òun náà ni mo ṣì ń jẹ níbí. Láti ọjọ́ yẹn, èèyàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti pè mí pé àwọn náà fẹ́ yí ojú Model S àwọn padà, pé ta ni mo lè júwe fún àwọn. Ohun tí mo sọ fún wọn lórí fóònù ni mò ń kọ sílẹ̀ yìí, torí ó ti ń rẹ̀ mí lẹ́nu.

Mo mọ ohun tó ń dùn wọ́n. Model S jáde ní June 2012 láti Fremont, ìpínlẹ̀ California. Kò sí ẹ́ńjìnnì níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fún un ní imú dúdú yẹn kó lè jọ ọkọ̀ lójú àwa tí ọkọ̀ elépo ti mọ́ lára. Ọdún 2014 ni èyí tí sítíárí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó di April 2016, ilé iṣẹ́ náà yọ imú dúdú, wọ́n fi ọ̀dà ara ọkọ̀ kun iwájú rẹ̀ kanlẹ̀, wọ́n fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè níbẹ̀, wọ́n sì fi iná LED rọ́pò xenon. Ilẹ̀kùn ò yí padà, gíláàsì ò yí padà. Ojú nìkan ló kù tó ń tú àṣírí ọjọ́ orí. Ẹni tó ra tiẹ̀ ní 2015 kàn sùn, ó jí, ọkọ̀ rẹ̀ sì ti darúgbó.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti ná ọjà Ládípọ̀ rí mọ ohun tí wọ́n ń pè ní upgrade níbẹ̀. Hilux 2016 á wọlé lọ́sẹ̀ yìí, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ti jáde pẹ̀lú ojú 2021, olówó rẹ̀ á sì máa wakọ̀ pẹ̀lú wíńdò sísọ̀kalẹ̀ kí wọ́n lè rí i. Mo ti bá wọn so iná irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọye ìgbà, mi ò kábàámọ̀. Irin, ike, réídétọ̀, wáyà tí èèyàn lè fi tẹ́sítà wá kàn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrírí yẹn gan-an ló ń tàn wá jẹ nígbà tí a bá dé ìdí ọkọ̀ oníná.

Ní ìparí 2014 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó ojú mìíràn sínú Model S: kámẹ́rà kan lókè gíláàsì iwájú, rédà kan lẹ́yìn ike bọ́m̀pà, àti sẹ́ńsọ̀ róbótó 12, mẹ́fà níwájú, mẹ́fà lẹ́yìn. Rédà yẹn ń rán ìgbì jáde ní 77 gigahertz, èyí tó bá padà sọ́dọ̀ rẹ̀ ló fi ń mọ bí ọkọ̀ iwájú ṣe jìnnà tó àti bó ṣe ń sáré tó. Òun àti kámẹ́rà ló jọ ń pinnu ìgbà tí ọkọ̀ máa tẹ búrèkì fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n dè é mọ́ ní ìwọ̀n tirẹ̀. Bó bá yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní digiri kan péré, ní 100 mítà níwájú, ibi tó ń wò ti kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀ ní ohun tó ju mítà kan àtààbọ̀ lọ. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ọ̀nà tí ọkọ̀ kan ń gbà. Ó lè máa wo lọ́rì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín kó sì máa tẹ búrèkì nítorí rẹ̀, tàbí kó má rí èyí tó dúró gbagidi níwájú yín. Dáṣíbọ́ọ̀dù kì í sì í ké ní gbogbo ìgbà.

Ohun tí wọ́n fi ṣe bọ́m̀pà tún ṣe pàtàkì. Ike tí ilé iṣẹ́ ń lò, rédà ń rí ìta láàárín rẹ̀ bí èèyàn ṣe ń wòta láti inú àwọ̀n ẹ̀fọn. Carbon fibre tí àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn kò rí bẹ́ẹ̀. Iná ń gba inú carbon kọjá, nítorí náà ìgbì rédà kì í gbà á kọjá. Ẹni tó gbé e síwájú rédà ti fi aṣọ dí ojú ọkọ̀ rẹ̀. Fíìlà tó nípọn tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó fọ́ ń ṣe rédà ní jàǹbá díẹ̀díẹ̀, ọ̀dà mẹ́tálíìkì tí wọ́n kùn léra wọn ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, sítíkà tó ń dán bíi kúróòmù ló sì burú jù. Ní ti àwọn sẹ́ńsọ̀ róbótó, etí ni wọ́n jẹ́. Bí ọ̀dà bá ti pọ̀ jù lójú wọn, wọ́n á di adití. Bí ihò tí wọ́n gbẹ́ fún wọn bá wọ́, ilẹ̀ ni wọ́n á máa gbọ́ dípò ògiri.

Ẹnì kan nínú àwọn mẹ́ta tí mo sọ ní ọkọ̀ tó jáde kí rédà àti kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀. Ó ti rí bọ́m̀pà 2016 kan tó ní gbogbo ihò sẹ́ńsọ̀ lára, ó ní bóun bá gbé e sí i, ṣé ọkọ̀ òun náà á máa tẹ búrèkì fúnra rẹ̀? Mo rẹ́rìn-ín. Ihò etí kì í ṣe yẹtí.

Lẹ́yìn ike náà, fóòmù wà, lẹ́yìn fóòmù, ọ̀pá alumíníọ̀mù tó gùn láti ọ̀tún dé òsì, àti àwọn sẹ́ńsọ̀ tó ń sọ fún érúbáàgì pé ìkọlù ti ṣẹlẹ̀. Mo ti rí ibi tí bọ́m̀pà tí wọ́n rà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe àfarawé kò ti jókòó dáadáa, tí ẹni tó ń dè é mú ayùn tó gé fóòmù kí bọ́m̀pà lè wọlé. Ẹ ní kó gbé ayùn sílẹ̀ kó tó kan ọ̀pá. Kẹ́ ẹ sì rántí pé alumíníọ̀mù ló pọ̀ jù lára Model S, kì í ṣe irin tí panẹ́ẹ̀bítà lè gbé gáàsì sí lára kó máa wò ó bó ṣe ń pọ́n. Alumíníọ̀mù kì í pọ́n. Ní nǹkan bíi 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tàbí kó tó débẹ̀ pàápàá, ńṣe ló máa yọ́ ṣòòròṣò lójijì. Bóòtù irin lásán tí wọ́n bá fi rọ́pò èyí tó sọnù yóò jẹ ẹ́ láyìíká bí òjò àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù bá ti pàdé níbẹ̀.

Àwọn kan á ní, kò kúkú sí ẹ́ńjìnnì, kí ló fẹ́ gbóná? Ẹ lọ dúró ti Model S kan níbi tó ti ń gba ṣáàjì ní Supercharger lọ́sàn-án ìgbà ooru. Ẹ máa gbọ́ fáànù ní igun méjèèjì iwájú rẹ̀, tó ń hó bí ìgbà tí bàálù kékeré fẹ́ gbéra. Lẹ́yìn ihò bọ́m̀pà, kọ́ńdẹ́nsà AC wà ní ọ̀tún àti ní òsì, pẹ̀lú àwọn fèrèsé kéékèèké tó ń ṣí tó ń padé fúnra wọn. AC kan náà ló ń tu ẹ̀yin àti bátìrì lára. Iná tó ń wọ àwọn ọkọ̀ ìgbà yẹn lè tó 120 kilowatt, ooru rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ríbi jáde. Bí ihò bọ́m̀pà tuntun kò bá kọjú sí fáànù, tàbí tí wọ́n ju ike tó ń darí afẹ́fẹ́ nù nítorí pé kò bá a mu mọ́, ọkọ̀ ò ní bàjẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ńṣe ni AC ò ní máa tutù tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣáàjì á bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́. Ẹ ó rò pé bátìrì ló ti ń gbó, kò sì ní wá sí yín lọ́kàn pé ojú tuntun ni.

Iná iwájú ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́, torí òun ló lè ṣekú pa ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹwà ọkọ̀ yín. Apá òsì ni wọ́n ti ń wakọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ẹ bá tan iná ibẹ̀ ní ìlàjì, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gbé orí sókè díẹ̀ lápá òsì kó lè fi ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí títì hàn, ó sì tẹrí ba lápá ọ̀tún kó má baà fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀. Ti Jámánì àti ti Faransé, òdìkejì ni. Ti Amẹ́ríkà, òfin ọ̀tọ̀ ni wọ́n tẹ̀ lé ṣe é. Bẹ́ẹ̀ rèé, láti àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú iná àlòkù tó dín owó ti ń wá, àwòrán tí ẹni tó ń tà á sì máa fi ránṣẹ́ sí yín kò ní sọ ibi tó ti wá.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú lálẹ́, kó kọjú sí ògiri, kí bíi mítà márùn-ún wà láàárín wọn. Ẹ tan iná ìlàjì. Ẹ wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn ti pààlà lára ògiri. Bí ààlà náà bá gòkè sápá òsì, ti ìlú yìí ni. Bó bá gòkè sápá ọ̀tún, ẹ má gbé e sójú títì, àwọn tó ń ṣe MOT, àyẹ̀wò ọkọ̀ ọdọọdún, náà ò sì ní gbà á. Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: láti 2 April 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lápá ọ̀tún, nítorí náà iná tí ẹ bá tú lára ọkọ̀ London tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àbúrò yín nílé, ojú ẹni tó ń bọ̀ ní ọ̀nà Ìbàdàn ni yóò máa fọ́.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tún wà nídìí iná yìí. Ẹnu wáyà xenon àti ti LED kò dọ́gba, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ sì mọ irú iná tí wọ́n bí i mọ́. Inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹ̀rọ tí ilé iṣẹ́ ń lò ni wọ́n sì fi ń yí i. Àwọn ọmọ kan wà tó ń já wọlé yí i lẹ́yìn, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí àtúnṣe kọ̀ǹpútà bá wọlé láti ọ̀run, tí ìkìlọ̀ pupa bá kún ojú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ wá nọ́ńbà fóònù ọmọ náà wò bóyá ó ṣì ń lọ. Àwọn kan ń ra bọ́m̀pà tí wọ́n ṣe kó lè bá iná àtijọ́ mu, tí ojú á jọ tuntun, tí xenon á sì wà níbi tó wà. Lójú tèmi, bó bá jẹ́ pé ẹ kò lè sùn láìyí ojú ọkọ̀ yín, ìyẹn ló ní wàhálà tó kéré jù.

Ọ̀rọ̀ inṣọ́ránsì ò gùn. Ẹ sọ fún wọn. Láti 2013 tí òfin tí wọ́n ṣe ní 2012 lórí inṣọ́ránsì àwọn aráàlú ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ojúṣe yín ni láti dáhùn ìbéèrè wọn lóòótọ́, ìbéèrè nípa ohun tí ẹ ti yí padà lára ọkọ̀ sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó parọ́ lè rí i pé ìwé inṣọ́ránsì òun ti di bébà lásán lọ́jọ́ tó kọlu ẹlòmíràn. Bí ọlọ́pàá bá sì mú èèyàn láìní inṣọ́ránsì, £300 àti ojúàmì 6 lórí láísẹ́ǹsì ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà sọ́dọ̀ ẹni tó fẹ́ rà, nítorí òun ni ojú tuntun ń tàn jẹ jù. Ọkọ̀ kan wà nínú àwòrán, ojú rẹ̀ jẹ́ ti 2016, owó rẹ̀ sì rọ̀ ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀. Bí 14 tàbí 64 bá wà láàárín lẹ́tà, ọdún 2014 ló kọ́kọ́ gbọ̀nà, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ 2015. Bí ó bá jẹ́ nọ́ńbà tí wọ́n fi owó rà tí kò ní ọdún lára, ẹ wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà (VIN) lábẹ́ gíláàsì iwájú, ẹ ka lẹ́tà dé ìkẹwàá: E ni 2014, F ni 2015, G ni 2016. Kì í ṣe pé ẹni tó yí ojú ọkọ̀ rẹ̀ padà jẹ́ olè. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè ìdí tó fi yí i. Bó bá jẹ́ pé ó fi kọlu nǹkan ni, ẹ ṣe àyẹ̀wò ìtàn ọkọ̀ náà. Láti October 2017, bí inṣọ́ránsì bá kọ ọkọ̀ kan sílẹ̀, lẹ́tà S ni wọ́n ń kọ sí èyí tí egungun rẹ̀ fara gbá, N sí èyí tí kò kan egungun. Tesla náà máa ń pa ṣáàjì kíákíá mọ́ ọkọ̀ tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀ pé ó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹni tó ra Model S àtijọ́ nítorí ṣáàjì ọ̀fẹ́ tó bá a dé láti ilé iṣẹ́ lè wá dé ìdí Supercharger, kó ti wáyà bọ̀ ọ́, kí nǹkan kan má wọlé.

Owó ńkọ́? Mi ò ní dá iye kan lé e, torí iye tí wọ́n ń pè é yàtọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe onígbọ̀wọ́ bátìrì ńlá Model S ìgbà náà. Ti ọkọ̀ 2014 parí ní 2022, ti 2015 parí ní 2023, nítorí náà àpò yín ni owó àtúnṣe rẹ̀ máa ti jáde báyìí. Kì í sì í ṣe bátìrì nìkan ló ń gbó: ní February 2021, Tesla pe ọkọ̀ 134,951 padà ní Amẹ́ríkà, Model S àti Model X, nítorí pé ibi tí kọ̀ǹpútà àárín dáṣíbọ́ọ̀dù ń kọ nǹkan sí, tí kò ju gigabyte 8 lọ, ń gbó tán, tí ojú rẹ̀ á sì ṣókùnkùn. Èèyàn lè ná owó rẹpẹtẹ sí iwájú ọkọ̀ tí bátìrì kékeré inú rẹ̀ kò tíì rí ìpààrọ̀ láti ọdún mẹ́rin. Ẹ̀gbọ́n wa gan-an ni mo ń bá wí, ó sì mọ̀.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí mo lè gbà fún. Bí ẹnì kan bá ti kọlu nǹkan, tí imú àtijọ́ ti fọ́, tí èyí tí wọ́n bá a rí kò sàn, kò burú kó wo ojú tuntun. Kó wá ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí IMI ipele kẹta lórí ọkọ̀ oníná, kó ní kó fi ìwé náà hàn òun. Lábẹ́ ibẹ̀ níwájú, wáyà aláwọ̀ ọsàn kan ń lọ sídìí AC àti ẹ̀rọ amúlémóoru, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì ń sún mọ́ volt 400. Ẹni tó bá ní òun kàn máa rọra tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ sì gbé ọkọ̀ yín lọ. Ẹ béèrè nọ́ńbà ọkọ̀ tí wọ́n ti tú bọ́m̀pà àti iná náà wá, kó má jẹ́ pé òru àná ni wọ́n tú u lára ọkọ̀ aládùúgbò yín. Ẹ má sì gbà pé fẹ́ńdà àti bọ́nẹ́ẹ̀tì á bá a mu nítorí pé orúkọ ọkọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé e síra wò kí wọ́n tó fun ọ̀dà.

Kẹ́ ẹ tó san owó ìkẹyìn, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí orí wáyà volt 12 ti yọ hàn yín. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kàn án. Ẹ mú ọkọ̀ lọ sójú ògiri lálẹ́. Ẹ béèrè bébà tó fi hàn pé wọ́n ti wọn rédà sí ìwọ̀n tirẹ̀ padà. Ẹ gbé e lọ sí Supercharger, ẹ tẹ́tí sí fáànù igun méjèèjì, kí ọ̀kan má dákẹ́.

Ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n wa ṣì ní ojú 2016. Ó kọ̀ láti dá imú àtijọ́ padà, mi ò sì fi ipá mú un. Mo bá a pààrọ̀ bátìrì kékeré, mo tú tépù dúdú yẹn, mo fa orí wáyà méjèèjì wá sẹ́yìn ìdérí kékeré tí wọ́n ń ṣí bí wọ́n bá fẹ́ fi okùn fa ọkọ̀. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, a jọ wà níbi ìsọmọlórúkọ kan. Àwọn ọmọdébìnrin tó wọ aṣọ ẹbí ń ya fọ́tò níwájú ọkọ̀ náà, òun náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó wá bá mi lẹ́yìn tí a jẹun tán, ó rọra béèrè pé, “Bó bá tún kú lálẹ́ yìí ńkọ́?” Mo ní kó lọ tẹ ìdérí yẹn wò. Ó bẹ̀rẹ̀ tòun ti agbádá, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ létí, ó sì ṣí.